Akínbíyìí àti Pèrègún Mẹ́jọ

Akínbíyìí kò lè jókòó. Bí ẹ bá gbé àga fún un, á fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, á yí i ká, á sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bó bá ń jẹun, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ tábìlì títí omi á fi dà nínú ife. Ọlárónkẹ́ ìyàwó rẹ̀ máa ń ní àwọn ò tíì jọ jẹun tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo látìgbà táwọn ti fẹ́ra.

Ọmọ Ṣakí ni. Ó kọ́ṣẹ́ télọ̀, ó fi í sílẹ̀. Ó wa takisí láti Mọ́kọ́lá sí Dùgbẹ̀, ó fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ fọ́tò ló wá dì mú. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Agbowó, ní ọ̀kánkán Yunifásítì. Tèmi ló tẹ̀ lé e. Káfíńtà ni mí, Àkànmú ni wọ́n ń pè mí. Èmi ni mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀, àga rẹ̀, àti àpótí tó ń kó fíìmù sí. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe.

Ìgbà kan ṣoṣo ló máa ń jókòó, ìyẹn ìgbà tó bá ń tún fíìmù ṣe. Á gbé fíìmù tó ti fọ̀ sórí gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Á mú pẹ́ńsùlù tó gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, á mú abẹ féélé. Ibi tó bá fẹ́ kó mọ́lẹ̀ nínú fọ́tò, á fi pẹ́ńsùlù kùn ún. Ibi tó bá fẹ́ kó ṣókùnkùn, á fi abẹ họ ọ́. Irorẹ́ á lọ. Eyín tó yọ síta á wọlé. Ilà ojú á parẹ́. Àwọn ọmọ Yunifásítì ò fẹ́ ilà lójú mọ́ nígbà yẹn. "Bọ̀dá, ẹ bá mi yọ ọ́." Á yọ ọ́. Nítorí ọwọ́ rẹ̀ yìí, àwọn èèyàn ń ti Jẹ́ríkò wá bá a.

Ó ya èmi náà lọ́dún 1982. Àbàjà mẹ́ta mẹ́ta ló wà lẹ́ẹ̀kẹ́ mi. Nígbà tó gbé fọ́tò dé, ojú tó wà níbẹ̀ ń dán bí ẹyin.

"Ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n."

"Irọ́ ni. Bàbá mi ò bí eléyìí."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀fẹ́ lòun fi ṣe é. Mo ní kó gbé ọ̀fẹ́ rẹ̀ lọ.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó lọ sí Dùgbẹ̀, ó gbé kámẹ́rà kan bọ̀. Bàbá onífọ́tò kan tó ń kógbá wọlé ló tà á fún un. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́rùn. Àpótí igi ni, ó ní awọ tó ń nà tó sì ń sún kì bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló fi ń dúró. Ọ̀kan ti kán, mo fi igi apá gbẹ́ òmíràn sí i. Fíìmù kan ṣoṣo ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan, fíìmù náà sì tó ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá fẹ́ fi ya nǹkan á ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú, á máa wo gíláàsì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo wò ó lọ́jọ́ kan. Ohun gbogbo dorí kodò. Ilẹ̀ wà lókè, ọ̀run wà nísàlẹ̀, ọ̀tún di òsì. Mo yọ orí mi kíá.

Mo rò pé ìgbéyàwó ló fẹ́ máa fi yà. Ilẹ̀ ló ń fi yà. Ilẹ̀ lásán. Bí wọ́n bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi lọ́jọ́ Sunday, á gbé kámẹ́rà lé orí tòun ti táì lọ́rùn, á forí lé òkè. Ó ya òkè Bódìjà. Ó ya Ring Road kí ọkọ̀ tó dé síbẹ̀ láàárọ̀. Bí mo bá ráyè, mo máa ń bá a gbé ẹsẹ̀ kámẹ́rà náà. Àwọn èèyàn á wo fọ́tò tó gbé kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á béèrè ohun kan náà.

"Èèyàn dà níbẹ̀?"

"Kò séèyàn."

"Kí wá ni? Ṣé ilẹ̀ ló ń ṣe ọjọ́ ìbí?"

Ní Baṣọ̀run, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi àdá lé e. Wọ́n rí ẹsẹ̀ mẹ́ta, wọ́n rí aṣọ dúdú, wọ́n ní àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba ló dé, pé ilé àwọn ni wọ́n fẹ́ wó. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n.

Mo bi í lọ́jọ́ yẹn pé kí ló ń wá nínú ilẹ̀ gan-an.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ kì í ṣẹ́jú."

Ó gbé kámẹ́rà lé orí, a lọ.

Ní January 1984, ó rí àpáta kan lẹ́yìn Baṣọ̀run. Bí èèyàn bá dúró lórí rẹ̀, á rí gbogbo àfonífojì náà títí dé igbó. Ọyẹ́ mú, kurukuru bo ibẹ̀. Ó lọ lọ́jọ́ kan, kò rí nǹkan. Ó lọ lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ló fi ń lọ tó ń bọ̀. Fíìmù ńlá yẹn ò sí lọ́jà mọ́ lásìkò yẹn, ẹrù òkèèrè ò wọlé dáadáa, kò sì fẹ́ fi ọ̀kan ṣòfò. Nítorí kó má máa wá ojú ibi tó dára kiri lójoojúmọ́, ó fi ìṣó ha orí àpáta náà síbi mẹ́ta tí ẹsẹ̀ kámẹ́rà ń dúró sí. Mo fi òòlù bá a gbá a kó lè jinlẹ̀.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ojú ọjọ́ là. Ilẹ̀ Sìkírátù ló wà nísàlẹ̀ àpáta náà gan-an. Obìnrin Ìsẹ́yìn ni, ó ń gbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní Ring Road. Àdìó ọkọ rẹ̀ ló ra ilẹ̀ náà. Ó gbẹ́ kànga, ó fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀, ó mọ ògiri rẹ̀ dé ìdajì, ó gbin pèrègún sí ààlà, ó sì kú. Sìkírátù ń pọn omi lọ́jọ́ náà, òun àti Àdùnní ọmọ rẹ̀.

Akínbíyìí yọ orí lábẹ́ aṣọ dúdú, ó pariwo láti orí àpáta.

"Ìyá Àdùnní! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà kúrò níbẹ̀! Ẹ ń ba ilẹ̀ jẹ́!"

Sìkírátù fọwọ́ lé ìbàdí. "Ilẹ̀ ta ni mo ń bà jẹ́?"

Ṣùgbọ́n ó yà sẹ́yìn ògiri. Gbogbo ọdún yẹn ló fi ń sọ ọ́ ṣẹ̀rín, pé onífọ́tò kan lé òun kúrò lórí ilẹ̀ òun.

Akínbíyìí yà á. Ẹyọ kan. Mo kan férémù sí i, mo fọwọ́ mi gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó dára. Mi ò mọ ohun míì tí mo lè sọ sí i.

Nígbà tó di November ọdún náà, Adégbìtẹ́ ra ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Sìkírátù. Kọnturátọ̀ ni, ó lówó, ara rẹ̀ ò sì gba kó dúró de ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Monday kan tí Sìkírátù wà níbi iṣẹ́, Adégbìtẹ́ mú àwọn òṣìṣẹ́ wá. Wọ́n hú gbogbo pèrègún, wọ́n tẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n sì to búlọ́ọ̀kù kọjá kànga. Nígbà tí Sìkírátù dé, wọ́n ní kó má pọn omi níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kànga ti bọ́ sí ilẹ̀ ọ̀gá àwọn.

Ìwé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ohun kan náà ló wà nínú rẹ̀: "dé ibi pèrègún." Adégbìtẹ́ ní ẹ̀yìn kànga, lápá ti Sìkírátù, ni pèrègún wà kóun tó hú u. Sìkírátù ní irọ́ ni. Ẹbí kan ló ta ilẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó wọ̀n ọ́n nínú ẹbí náà ti kú. Mọ́gàjí ẹbí náà ní kí wọ́n wá lọ́jọ́ Saturday, kí ẹni tó bá ní ẹlẹ́rìí mú un wá.

Ọjọ́ Wednesday ni Sìkírátù sáré wọ ṣọ́ọ̀bù Akínbíyìí tòun ti aṣọ iṣẹ́ lára. Mo wà níbẹ̀, mò ń tún ìjókòó àga kan ṣe.

"Akínbíyìí, fọ́tò tó o ní mo ń bà jẹ́ dà?"

Akínbíyìí nawọ́ sára ògiri. Obìnrin náà já a lára ìṣó, ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

"Bisimiláì. Kànga mi nìyí. Igi ọ̀pẹ nìyí." Ó fi ìka tẹ̀ lé e lọ. "Pèrègún mi dà?"

Ó gbé férémù náà sún mọ́ ojú.

"Mo ní pèrègún mi dà? Mẹ́jọ ni Àdìó gbìn. Ó yẹ kó wà níbí!"

Akínbíyìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Láti ẹnu ọ̀nà dé ara ògiri, láti ara ògiri dé ẹnu ọ̀nà.

"Mo yọ wọ́n," ó wí.

"O yọ kí ni?"

"Oòrùn tàn sí ewé wọn. Wọ́n wá funfun níwájú igbó bí eyín tó yọ síta. Mo fi abẹ họ wọ́n lára fíìmù, kí igbó lè dúdú délẹ̀."

"Ta ló rán ẹ?"

Akínbíyìí tún kọjú sí ògiri.

"Adégbìtẹ́ hú u lórí ilẹ̀, ìwọ hú u nínú fọ́tò. Èwo ni kí n mú nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Ó gbé fọ́tò náà sílẹ̀ lórí àga tí mò ń tún ṣe, ó sì lọ. Mo wò ó dáadáa nígbà náà. Oṣù mẹ́wàá ni mo ti ń wò ó lára ògiri, mi ò rí i pé nǹkan kan dín níbẹ̀.

Akínbíyìí ò jókòó láti Wednesday títí di Friday. Ó ti fọ fọ́tò kan jáde kó tó họ fíìmù náà, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ti jù ú sí ààtàn. Ó lọ tú ààtàn. Ó lọ sí Dùgbẹ̀ lọ bi bàbá onífọ́tò ìjọ́sí bóyá ohun tí wọ́n bá họ lára fíìmù lè padà. Wọ́n sọ fún un pé bàbá náà ti kó lọ sí àdúgbò Challenge. Ó fẹsẹ̀ rìn dé Challenge. Bàbá ní kò lè padà. Ó fẹsẹ̀ rìn padà sí Agbowó. Àwọn oníbàárà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n lọ.

Nírọ̀lẹ́ Friday, Ọlárónkẹ́ pè mí wọlé.

"Bàbá káfíńtà, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ọwọ́ tó yọ ọ́ kò rọ. Kó dá a padà."

"Báwo?"

"Kó yà á sí i! Ṣé irọ́ ni? Ṣé pèrègún ò sí níbẹ̀ ni?"

Mo rò ó. Kò sí irọ́ nínú ohun tó wí. Akínbíyìí náà ti ń rò ó, nítorí mo bá fọ́tò kékeré kan níwájú rẹ̀ àti bírọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín. Ó fi àwọ̀ funfun ya pèrègún kan sí i. Ó ya ìkejì. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mẹ́jọ ti dúró. Ẹ ò ní mọ̀ pé ọwọ́ ló yà á.

"Ó dára jù," mo wí.

"Kí lẹ ní?"

"Pèrègún Àdìó wọ́. Èyí dúró bíi ṣọ́jà. Níbo lo sì ti mọ̀ pé ibẹ̀ yẹn gan-an ni?"

Ó wo fọ́tò náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n tábìlì, ife bírọ́ọ̀ṣì ń dún.

"Mi ò mọ̀," ó wí. "Mo kàn gbé e síbi tó bá ojú mu. Bí mo bá lè gbé e síbí, mo lè gbé e síbi tí Adégbìtẹ́ fẹ́."

"Kí lo fẹ́ ṣe, ná?" Ọlárónkẹ́ béèrè. "Obìnrin yẹn á pàdánù kànga."

Ó fa fọ́tò náà ya.

Lọ́jọ́ Saturday, a péjọ sí gọ̀bì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé Mọ́gàjí. Àgbà ni Mọ́gàjí, ojú wọn ò rí nǹkan tín-ín-rín mọ́, ṣùgbọ́n etí wọn mú. Akínbíyìí bọ́ sí àárín, fíìmù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ ohun tó ṣe. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó ní òun họ pèrègún kúrò nítorí kí fọ́tò òun lè dára.

Adégbìtẹ́ pàtẹ́wọ́. "Bàbá, ẹ wo ẹlẹ́rìí! Ẹni tó ń fi abẹ fá irun fún ilẹ̀. Bó bá yọ pèrègún, ta ló mọ̀ bóyá ilé mi náà wà níbẹ̀ tó yọ ọ́?"

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Àwọn oníbàárà Akínbíyìí wà láàárín wọn. Ọ̀kan ní, "Áà, ojú ta ló wá wà nínú fọ́tò tèmi?"

Mọ́gàjí nawọ́ gba fíìmù náà. Wọ́n gbé e sókè sí oòrùn, wọn ò rí nǹkan. Wọ́n wá fi àtàǹpàkò rà á lórí wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́.

"Ó ń ha mí lọ́wọ́," wọ́n wí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta." Àtàǹpàkò wọn ń rìn lọ. "Ẹ̀jọ. Ó tán." Wọ́n yíjú sí Sìkírátù. "Mélòó lo ní ọkọ rẹ gbìn?"

"Mẹ́jọ, Bàbá."

"Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í ṣe fíìmù. Apá ibo kànga ni wọ́n wà lórí ilẹ̀?"

Ẹsẹ̀ Akínbíyìí dúró jẹ́ẹ́. Èmi ni mo rí i.

"Bàbá," ó wí, "kámẹ́rà wà. Àpáta wà. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró sí, mo fi ìṣó ha á. Bí mo bá gbé e padà síbẹ̀, tí mo fi fíìmù yìí lé gíláàsì rẹ̀, ẹ ó rí ibi tí mo họ lórí ilẹ̀ gan-an."

Mọ́gàjí dìde. Wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn ní ọ̀pá àwọn.

Àwọn mẹ́ta gun àpáta: Mọ́gàjí, Akínbíyìí, Adégbìtẹ́. Èmi àti Sìkírátù dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́. Akínbíyìí ti ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ ojú ìṣó, ó na fíìmù mọ́ gíláàsì, ó ń yí kámẹ́rà díẹ̀díẹ̀ títí kànga fi bọ́ sórí kànga, tí ọ̀pẹ fi bọ́ sórí ọ̀pẹ. Adégbìtẹ́ ló kọ́kọ́ wò ó. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mọ́gàjí ṣí fìlà, wọ́n ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú, wọ́n fi àtàǹpàkò lé ibi tí fíìmù ti ha. Ohun tí mo rí látìsàlẹ̀ ni agbádá àti aṣọ dúdú, pẹ̀lú ọwọ́ kan tó yọ jáde tó ń júwe ọ̀tún.

Mo lọ sápá ọ̀tún.

"Ọ̀tún!"

Mo tún lọ.

"Mo ní ọ̀tún! Ṣé adití ni káfíńtà yìí ni?"

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sínú gọ́tà. Akínbíyìí pariwo, "Ẹ̀gbọ́n, òdì ni! Ohun tí Bàbá bá wí, òdì rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe!"

Mọ́gàjí sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ. "Ta ló ní kí wọ́n ṣe òdì ohun tí mo wí?"

A rẹ́rìn-ín títí, àfi Sìkírátù. Mo padà sápá òsì. Nígbà tí mo kọjá kànga dáadáa, tí mo ti dé àárín búlọ́ọ̀kù Adégbìtẹ́, ọwọ́ náà ṣubú. Mo ti búlọ́ọ̀kù sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo gbẹ́ ilẹ̀. Òkúta. Wọ́n sún mi díẹ̀, mo tún gbẹ́. Iyẹ̀pẹ̀ lásán.

"Káfíńtà!" Adégbìtẹ́ kígbe. "Ṣé wúrà lò ń wá ni?"

Sìkírátù gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi. Ètè rẹ̀ ń mì, mo gbọ́ orúkọ Ọlọ́run níbẹ̀. Ó gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Ọkọ́ náà gé nǹkan tó rọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kó iyẹ̀pẹ̀ kúrò. Gbòǹgbò ni, ó tutù, ọmọ funfun kan tó èékánná ti ń yọ lára rẹ̀.

Ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ kúrò. Ó gbé e sórí búlọ́ọ̀kù kí àwọn tó wà lókè lè rí i, ó sì tún ń gbẹ́ lọ. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, a ti rí márùn-ún. Wọ́n tò sórí ìlà kan, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lẹ́yìn kànga, lápá ti Adégbìtẹ́.

Mọ́gàjí sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá kan gbòǹgbò náà.

"Adégbìtẹ́, ẹni tó bá fẹ́ hú pèrègún, kó béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ ná. Kó búlọ́ọ̀kù rẹ."

Ó kó o.

Ọ̀rọ̀ Akínbíyìí ò tíì tán. Kò yọ ilà lójú ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n á ní, "Bọ̀dá, ẹ bá mi yọ ọ́," á ní, "Ilà ẹ ni." Wọ́n á lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ọlárónkẹ́ bínú títí. Irorẹ́ nìkan ló ṣì ń yọ. Ó ní kò sẹ́ni tó ni irorẹ́. Kò sì jókòó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rìn kiri.

Ní 1986, ó ku fíìmù ńlá kan lọ́wọ́ rẹ̀. Pèrègún ti hù padà, ó ti ga dé èjìká. A gun àpáta lọ́jọ́ Sunday kan, mo bá a gbé ẹsẹ̀ kámẹ́rà. Sìkírátù wà nídìí kànga. Bó ṣe rí wa, ó gbé korobá sílẹ̀, ó ń lọ sẹ́yìn ògiri.

"Ìyá Àdùnní, ẹ dúró!" Akínbíyìí pariwo.

"Mò ń ba ilẹ̀ jẹ́!"

"Ẹ padà síbẹ̀! Ẹ dúró ti pèrègún! Ẹ má ṣẹ́jú o!"

Ó padà, ó fọwọ́ lé ìbàdí. Akínbíyìí mú okùn tí wọ́n fi ń tẹ kámẹ́rà dání. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí àpáta, ó ń kan ẹsẹ̀ kámẹ́rà. Mo fi ẹsẹ̀ mi tẹ tiẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ó yà á.